Àìtó Ni Ìyá Àjọṣe: Ọ̀rọ̀ Igi àti Olú Ara Gbòǹgbò Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ òwe yìí. Olùkọ́ á pa á, a ó sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ìwé pé ó ń kọ́ ni ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀ láàrin àgbà àti èwe. Ìtumọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ títí débi pé a kì í gbọ́ ohun tí òwe náà wí gan-an mọ́. Òwe náà kò mẹ́nu ba ìfẹ́. Kò sọ pé ọmọdé fẹ́ràn àgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé àgbà ń ṣàánú ọmọdé. Ohun tí ó wí kò ju pé ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní ibi tí kò lè dé. Láti inú àìtó ọwọ́ méjèèjì ni àjọṣe ti jáde.

Ohun tó dá mi padà sídìí òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà àti èwe rárá. Ọ̀rọ̀ igi ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí ló bi mí léèrè pé, kí ni a lè pe àjọṣe tó wà láàrin gbòǹgbò igi àti àwọn ẹbí olú tó ń gbé lára rẹ̀ ní èdè Yorùbá? Orúkọ tó wà nínú ìwé tí ó fi ń kọ́ wọn ni mycorrhiza. Àwọn ọmọ náà ti há a sórí, wọ́n sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ń sọ sí wọn létí.

Orúkọ náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro. Ará Jámánì kan, Albert Bernhard Frank, ló fi sọ ọ́ ní 1885. Ìjọba Prussia ni ó ní kí ó wádìí bóyá a lè máa gbin truffle, olú olówó iyebíye kan tó ń hù lábẹ́ ilẹ̀ nítòsí gbòǹgbò igi. Kò rí ọ̀nà àtigbìn ín. Ohun tí ó rí ni pé orí àwọn gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ náà kì í ṣe gbòǹgbò nìkan; olú ti fi òwú rẹ̀ wé e yípo bí ẹni dé fìlà. Ó mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí olú, ó so ó pọ̀ mọ́ èyí tó túmọ̀ sí gbòǹgbò. Ó ní olú náà ń bọ́ igi ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Lójú tiwọn, ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ara ohun mìíràn, àrùn ni.

Kí n tó lè dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn, ó yẹ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a jọ wò ó.

Olú tí à ń já lóko, tó ní ẹsẹ̀ tó sì dé agboòrùn, kì í ṣe odindi olú. Bí ọsàn ṣe jẹ́ sí igi ọsàn ni òun náà jẹ́ sí ara olú tó fara pamọ́. Òwú ni ara olú gan-an: òwú tín-ín-rín tó ń ta káàkiri inú ilẹ̀ tàbí inú igi jíjẹrà. Ẹni tó bá ti ṣí ewé jíjẹrà kúrò lórí ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò á ti rí i rí, funfun, bí ẹni pé aláǹtakùn ló ta á síbẹ̀. Nínú ìran ńlá yìí kan náà ni èéhu orí búrẹ́dì àti ìwúkàrà wà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń bá gbòǹgbò gbé. Olú ọ̀rán tí gbogbo ilé ń dù nígbà òjò, ikán ló ń bá gbé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù tí à ń jẹ, igi òkú ni wọ́n ń jẹ. B. A. Oso tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1975 lórí olú àti àwọn ènìyàn Yorùbá, ẹ̀rí sì ni pé olú kì í ṣe àlejò nínú ọbẹ̀ wa àti nínú àgbo wa. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rẹ́ mi ń béèrè, abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ wọn wà, ẹ̀yà tó sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn kì í yọrí síta bí olú rárá. Ohun tí ojú kò rí, ẹnu kì í tètè sọ ọ́ lórúkọ.

Nísinsìnyí, ẹ wo pẹpẹ àti akèrègbè. Pẹpẹ ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Igi nìkan ló lè na ọwọ́ kàn án: ewé rẹ̀ á gba ìmọ́lẹ̀, á gba omi, á gba afẹ́fẹ́, á sì fi se ṣúgà. Olú kò ní ewé, kò sì lè fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ. Akèrègbè ni ilẹ̀. Inú ilẹ̀ kún fún àwọn ihò kéékèèké tí gbòǹgbò tóbi ju ẹni tó lè wọ̀ wọ́n lọ. Òwú olú tín-ín-rín débi pé bí a bá to mẹ́wàá pọ̀, ó lè má nípọn ju irun orí ènìyàn kan lọ. Òun ló ń gba ọrùn akèrègbè wọlé.

Ohun tí ó ń lọ bù níbẹ̀ ju ohunkóhun lọ ni fosfọ́rọ́ọ̀sì, èròjà tí kò sí ohun ẹlẹ́mìí tó lè ṣe aláìní in. Omi a máa ṣàn wá bá gbòǹgbò, ṣùgbọ́n fosfọ́rọ́ọ̀sì kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Nínú ilẹ̀ pupa bíi tiwa, irin àti alumíníọ̀mù inú ilẹ̀ a máa dì í mú pinpin. Gbòǹgbò á jẹ ìwọ̀nba tó wà lẹ́bàá rẹ̀ tán, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí pa á, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ wà níwájú díẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Olú á ta òwú rẹ̀ kọjá ibẹ̀, á sì kó o bọ̀ wálé. Igi náà á fún un ní ṣúgà àti ọ̀rá. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé oúnjẹ tí ewéko ń fi ránṣẹ́ sí olú lè tó 20 nínú gbogbo 100 tó bá sè. Ní 2017, àwọn olùwádìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fi hàn pé ẹ̀yà olú tó wọ́pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí kò lè ṣe ọ̀rá ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ara ewéko ló ti ń gbà á. Kì í ṣe ojú rere ni ó fi ń ṣiṣẹ́ fún igi. Bí kò bá ṣe é, kò ní jẹun.

Ọ̀nà pàtàkì méjì ni wọ́n ń gbà bá gbòǹgbò igi gbé. Ti àkọ́kọ́ ń wé gbòǹgbò lóde, òwú rẹ̀ á sì gba àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì kọjá láìwọ inú wọn. Irú èyí ni Frank rí. Ti èkejì ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò lọ, á ta ẹ̀ka wẹ́wẹ́ síbẹ̀ bí igi kékeré, ojú lásán kò sì lè rí i. Ní 2018, Mark Brundrett àti Leho Tedersoo gbé ìṣirò jáde pé bí 72 nínú 100 ẹ̀yà ewéko ló ní ti inú, tí ti òde kò sì ju bí 2 lọ. Ìrókò, kòkó, ọ̀pẹ, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ti inú ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n apá, igi ńlá tí apá ènìyàn kò ká, wà nínú ẹgbẹ́ kékeré ti òde. Láti 1968 tí J. F. Redhead ti tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú àwọn igi igbó Nàìjíríà ni ó ti hàn pé ti inú ló pọ̀ jù nínú igbó wa, tí ti òde kò sì ju ìwọ̀nba lọ.

Àjọṣe náà kì í ṣe ti àná. Nínú òkúta Rhynie ní Skọ́tláǹdì, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó bí ọdún mílíọ̀nù 407, àwọn onímọ̀ rí ewéko tó ti di òkúta pẹ̀lú olú nínú ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ewéko náà ni kò tíì ní gbòǹgbò gidi. Ó dà bí ẹni pé olú ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí gbòǹgbò tó dáyé.

Ó wá ku orúkọ.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni àfòmọ́. Òun náà ń gbé lára igi, a sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Yorùbá ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni ó ń bá tan. Òwe náà mú bí abẹ: ẹni tí kò ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀ ni yóò máa pe ara rẹ̀ ní ẹbí gbogbo ènìyàn. Irú ojú yìí ni àwọn tó ta ko Frank fi wo olú. Ṣùgbọ́n àfòmọ́ a máa gbà, kì í san. Olú ń san. Kódà, àfòmọ́ wà nínú òwò abẹ́ ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ewéko ni, kì í ṣe olú. Nínú àwọn igbó ilẹ̀ òtútù ni ewéko kan wà tí ń jẹ́ Monotropa, tí ara rẹ̀ kò ní àwọ̀ ewé rárá, tí kò sì lè se oúnjẹ. Ní 1881, Franciszek Kamieński, ará Pólàǹdì, ṣàlàyé pé olú tó wé gbòǹgbò rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ní 1960, Erik Björkman fi ṣúgà tí a lè tọpa rẹ̀ sínú igi ní Swídìn, ó sì bá a nínú ara Monotropa tó wà nítòsí. Igi ló sè é, olú ló gbé e, Monotropa ló jẹ ẹ́ láìsan ohunkóhun. Àfòmọ́ ni ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ìyá. Òun ló gbòde jù láyé òde òní. Ní 1997, Suzanne Simard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde láti inú igbó British Columbia ní Kánádà. Wọ́n fi hàn pé kábọ́ọ̀nù tí igi kan tí ń jẹ́ birch fi ewé rẹ̀ gbà dé ara igi mìíràn tí ń jẹ́ Douglas-fir, àti pé èyí tó wà lábẹ́ ìbòji ló rí gbà jù. Láti ibẹ̀ ni ìtàn ti gbilẹ̀: pé òwú olú so gbogbo igi inú igbó pọ̀ bí ẹ̀rọ ayélujára, pé igi ńlá jẹ́ ìyá, ó mọ ọmọ rẹ̀, ó sì ń fún un lọ́mú lábẹ́ ilẹ̀. Simard fúnra rẹ̀ fi igi ìyá sọ orí ìwé tí ó kọ ní 2021. Ìtàn náà dùn, ó sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀wọ̀ fún igbó. Ṣùgbọ́n ní 2023, Justine Karst, Melanie Jones àti Jason Hoeksema yẹ ẹ̀rí rẹ̀ wò lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n ní ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ pé irú okùn àsopọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ káàkiri igbó, tàbí pé ó ń ran àwọn igi kéékèèké lọ́wọ́ lọ́nà tó hàn gbangba. Ní ti pé igi àgbà ń ṣa ọmọ tirẹ̀ bọ́, wọn kò rí ẹ̀rí kankan láti inú igbó. Jones yìí kan náà wà lára àwọn tó kọ ìwádìí 1997. Ẹni tó bá ẹgbẹ́ jó tó sì tún lè dúró bi ìlù léèrè, ó yẹ ká kí i.

Mo gbé ọ̀rọ̀ ìyá yẹ̀ wò dáadáa, mo sì fi í sílẹ̀, kì í ṣe nítorí ìwádìí 2023 nìkan. Bí a bá pè é ní ìyá, a ti sọ pé ìfẹ́ ló ń dá a ṣe. Bí a bá sì wá rí i lọ́la pé kò sí ìfẹ́ níbẹ̀, ṣé a ó sọ pé igbó ti tàn wá jẹ? Igbó kò sọ ohunkóhun fún wa. Àwa la fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni aáró, òun ló sì sún mọ́ ọn jù. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lóko mọ̀ pé aáró yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ á gbọ́ oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́, ó tán. Ṣùgbọ́n gbèsè ni aáró: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, ẹni tí kò bá sì yọjú ní oko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní rí ẹni bá a kọ ebè. Ìṣirò kan náà wà lábẹ́ ilẹ̀. Ní 2011, Toby Kiers àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé ewéko a máa fún olú tó bá kó fosfọ́rọ́ọ̀sì wá dáadáa ní oúnjẹ púpọ̀ sí i, àti pé olú náà a máa kó ẹrù púpọ̀ sí i fún gbòǹgbò tó bá lawọ́. Kò sí adájọ́ níbẹ̀, síbẹ̀ ọ̀lẹ kò rí ojú rere. Ohun kan ló mú mi dúró lórí ọ̀rọ̀ aáró. Ohun kan náà ni àwọn ọlọ́aáró ń fún ara wọn: iṣẹ́ fún iṣẹ́, ọkọ́ fún ọkọ́. Ṣùgbọ́n igi àti olú ń fún ara wọn ní ohun tí ẹnì kejì kò lè rí láéláé bí ó bá dá wà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dá mi padà sí pẹpẹ àti akèrègbè.

Ẹ sì wo bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí fosfọ́rọ́ọ̀sì bá wọ́n gbòǹgbò, a máa tú èròjà kan sínú ilẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2005, Kohki Akiyama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáàn fi hàn pé èròjà yìí, tí ń jẹ́ strigolactone, ló ń mú kí òwú olú ta ẹ̀ka wá sọ́dọ̀ gbòǹgbò. Igbe ebi ni. Ṣùgbọ́n ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá ni ọ̀rọ̀ wà. Láti 1966 ni a ti mọ irú èròjà yìí, nítorí pé òun ló ń jí hóró Striga, koríko apanirun tó ń so mọ́ gbòǹgbò àgbàdo àti ọkà bàbà ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa, tó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ wọn mu. Gbòǹgbò ké pe alájọṣe, ọ̀tá náà sì gbọ́. Síbẹ̀ kò lè ṣe kó má ké. Ẹni tó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a mọ̀ pé òun kò tó, ewu sì wà nínú kí ayé mọ̀ pé ènìyàn kò tó.

Òdìkejì rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá da ajílẹ̀ tó kún fún fosfọ́rọ́ọ̀sì sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ọ̀pọ̀ ewéko a máa dín olú kù lára wọn. Ìdílé tẹ̀tẹ̀, tí í máa hù wàràwàrà lórí ààtàn, wà lára ìwọ̀nba ewéko tó sábà máa ń dá wà láìní olú lára gbòǹgbò. Ààtàn ti fún un ní gbogbo ohun tí ó ń fẹ́. Ẹni tó yó kì í wá alájọjẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan fún mi. Lọ́dún tó kọjá, àwọn oní-gẹdú wá dá iye lé igi apá méjì tó wà lórí ilẹ̀ ẹbí wa, àwọn méjì tó kù nínú gbogbo èyí tí àwọn bàbá wa bá níbẹ̀. Ẹbí pé jọ. Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí a tà á, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí a fi owó rẹ̀ kan òrùlé ilé yìí. A ó wá gbin mẹ́wàá dípò rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Òjò ń rọ̀ sí yàrá mẹ́ta nínú ilé náà, àwọn arúgbó ló sì ń sùn níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, yíjú sí mi. “Ìwọ tí o ń kọ̀wé, kí ni o rí sí i?”

Mo ní, “Bàbá, mi ò sọ pé kí a má tà. Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe igi nìkan ló wà níbẹ̀.”

Mo sọ̀rọ̀ olú ara gbòǹgbò apá fún wọn. Mo sọ ohun tí Peter Högberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2001: ní Swídìn, wọ́n bó èèpo igi páínì yípo kí oúnjẹ láti inú ewé má baà lè sọ̀kalẹ̀ dé gbòǹgbò mọ́. Láàrin oṣù kan sí méjì, èémí tí ilẹ̀ ibẹ̀ ń mí síta dín kù tó bí ìdajì. Igi ṣì wà lóòró, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń kú. Lẹ́yìn náà mo sọ̀rọ̀ páínì tiwa. Páínì kì í ṣe igi ilẹ̀ yìí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ igbó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ó hù, ṣùgbọ́n ó ràn, ewé rẹ̀ pọ́n, kò sì dàgbà. Olú tó ń bá a gbé kò sí nínú ilẹ̀ wa. Ìgbà tí wọ́n bu ilẹ̀ tó ní olú náà nínú wá sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn ni ọ̀rọ̀ tó yí padà. Ní 1980, Z. O. Momoh àti R. A. Gbadegesin tẹ ìròyìn jáde lórí bí olú kan, Pisolithus tinctorius, ṣe ń bá páínì ṣe sí nínú oko ní Nàìjíríà.

Bàbá Àgbà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Bí ìyàwó tí a gbé wálé tí a kò jẹ́ kó kó ẹrù rẹ̀ wá ni páínì náà nígbà yẹn.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Apá mẹ́wàá tí ẹ fẹ́ gbìn ńkọ́? Ta ni yóò kó ẹrù tiwọn wá?”

Ìdáhùn rẹ̀ wà ní ìdí apá tí a kò bá gé. Ẹbí ta ọ̀kan, wọ́n fi èkejì sílẹ̀. A kan òrùlé. Àbúrò mi tó ní kí a tà á ni ó lọ bu ilẹ̀ ní ìdí èyí tó kù, ó pò ó mọ́ ilẹ̀ inú ọ̀rá tí a gbin àwọn hóró náà sí, nígbà tí wọ́n sì tó gbìn, itòsí igi àgbà náà ni a gbìn wọ́n sí, níbi tí òwú olú rẹ̀ ti lè kàn wọ́n. Apá kì í yára dàgbà. Àwọn tí yóò jókòó lábẹ́ ìbòji rẹ̀ kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ kan bá wá kéde pé òun ti gbin igi báyìí báyìí, ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni ìbéèrè Bàbá Àgbà: ta ló kó ẹrù wọn wá? Igi kan kì í dá igbó ṣe, lóòótọ́. Ẹgbẹ̀rún igi tí kò rí alájọṣe rẹ̀ nínú ilẹ̀ kò lè dá a ṣe bákan náà.

Mo dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn níkẹyìn. Mo ní kí ó pe ohun náà fúnra rẹ̀ ní olú gbòǹgbò, kí àwọn ọmọ lè mọ ibi tó ń gbé. Àjọṣe náà ni mo pè ní àjọtó. A ní àjọjẹ, a ní àjọbí, a ní àjọgbé. Kò sí ìdí tí a kò fi lè ní àjọtó, nígbà tí ẹni méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó bá jọ tó. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn, kò sì sọ pé ọ̀kan ń rẹ́ èkejì jẹ. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ìṣirò, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ìyanu, nítorí pé ohun tó ti ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mílíọ̀nù 407 sẹ́yìn yẹ ní ìyanu bí kò tilẹ̀ sí ìfẹ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ti kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ. Ó ní ọ̀kan nínú wọn nawọ́, ó sì béèrè pé nínú igi àti olú, èwo ni ọmọdé, èwo ni àgbàlagbà? Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá ọmọ náà lóhùn. Igi ló ga, olú ló sì pẹ́ láyé jù.